Téèpù Grateful Dead Wo Ló Dùn Jù Létí?

Ọdún 1965 ni ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead bẹ̀rẹ̀ ní Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ California. Nígbà tí Jerry Garcia, ògúnná gbòǹgbò wọn, fi máa kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1995, òde tí wọ́n ti ṣe ti lé ní 2,300. Wọn kì í kọ orin kan bákan náà lálẹ́ méjì. Orin tí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ lónìí lè gbà wọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́la, torí ibi tí gìtá bá gbé wọn dé ni wọ́n ń dé. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ràn wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka àwo sítúdíò wọn sí. Téèpù òde ló ń wá.

Téèpù náà sì pọ̀ jàn-án-rẹrẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òde wọ̀nyẹn ni ẹnì kan gbà sílẹ̀, òde kan ṣoṣo sì lè wà lórí téèpù márùn-ún tàbí mẹ́wàá tí kò jọra: ọ̀kan láti ìdí míkísà tí wọ́n fi ń po ohùn, òmíràn láti ọwọ́ òǹwòran tó gbé maikirofóònù sókè láàárín èrò, òmíràn láti orí rédíò, lẹ́yìn náà àìmọye àdàkọ tí wọ́n dà kọ láti ara wọn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á gbọ́ ọ̀kan tó burú, á ní ẹgbẹ́ náà kò dùn, kò sì ní mọ̀ pé téèpù ló ṣẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá bi àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀, ọ̀pọ̀ á sọ pé kí ẹ ṣáà wá èyí tó ti ìdí míkísà wá. Ìmọ̀ràn yẹn ní òótọ́ nínú, àmọ́ kò tó. Nǹkan méjì ló ń pinnu bí téèpù ṣe máa dún: ọwọ́ tó gba ohùn náà sílẹ̀, àti bí àdàkọ tó wà níwájú wa ṣe sún mọ́ ìyá téèpù tó. Ibi tí maikirofóònù wà tún ń tẹ̀ lé méjèèjì lẹ́yìn ni.

Àṣẹ ló bí ohùn tó dára

Ní ọdún 1969, àwọn kan gbé àwo orin Bob Dylan kan jáde láìgba àṣẹ, wọ́n pè é ní Great White Wonder. Òun ni wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú orin rọ́ọ̀kì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ti ń fi ojú olè wo ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ wọ gbọ̀ngàn. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ pamọ́ sábẹ́ kóòtù, tó ń fi maikirofóònù há abẹ́ fìlà, kò lè yan ibi tó máa dúró sí, kò sì lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí ohùn bá ń pọ̀ jù. Aṣọ á máa ha maikirofóònù, orí ẹni tó wà níwájú á sì máa dí i.

Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn òṣìṣẹ́ Grateful Dead náà máa ń lé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà dẹ ọwọ́ fún wọn. Èrò Garcia ni pé lẹ́yìn tí àwọn bá ti kọ orin náà tán, àwọn tó wá gbọ́ ló ni ín. Òfin kan ni wọ́n fi lélẹ̀: ẹ lè fún ara yín, ẹ lè fi téèpù gba téèpù, ẹ má tà á. Àwọn tó ń pààrọ̀ téèpù yìí ló dá ìwé ìròyìn Relix sílẹ̀ ní ọdún 1974. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1984, ní Berkeley Community Theatre, ẹgbẹ́ náà ya àyè kan sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn míkísà, wọ́n sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ fún un.

Àṣẹ yìí ni ìpìlẹ̀ ohùn tó dára. Ẹni tí kò sá fún ẹnikẹ́ni lè na irin gígùn sókè kọjá orí èrò, kó gbé ojúlówó maikirofóònù Schoeps tàbí Neumann sórí rẹ̀, kó gbọ́ ohun tó gbà lálẹ́ àkọ́kọ́, kó sì tún ẹ̀rọ rẹ̀ tò fún alẹ́ kejì. Láti ọdún dé ọdún ni wọ́n ń kọ́ ọgbọ́n yìí, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn.

Mi ò ní ka àwọn àwo àìgbàṣẹ tí wọ́n ń tà mọ́ àwọn tí mo máa yẹ̀ wò. Títà wọn lòdì sí òfin ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì máa ń fi orísun téèpù pa mọ́ fún olùrà. Ohun tó dára jù nínú wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn, pẹ̀lú ìtàn rẹ̀.

Láti ìdí míkísà

Owsley Stanley, tó ń bójú tó ohùn ẹgbẹ́ náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bear, ló fi àṣà gbígba òde sílẹ̀ lálaalẹ́ lélẹ̀. Kì í ṣe torí kó lè ta á ló ṣe ń gbà á. Ó fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn òde kó lè mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ gbọ́ èyí tó gbà sílẹ̀ ní Fillmore East, ní New York, lọ́jọ́ 13 àti 14 oṣù Kejì ọdún 1970. Ohùn gìtá méjèèjì dá dúró, bẹ́ẹ̀sì Phil Lesh yípo nísàlẹ̀ láìbo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ kò tíì di ohun àtijọ́ létí.

Ṣùgbọ́n ìdí míkísà ní àbùkù tirẹ̀. Ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni ohun tí sípíkà gbọ̀ngàn nílò, kì í ṣe gbogbo ohun tí etí òǹwòran ń gbọ́. Nínú gbọ̀ngàn kékeré, gìtá ti ń pariwo látinú sípíkà tirẹ̀ lórí ìtàgé, ìlù kò sì nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀. Ohùn ẹnu nìkan ni onímíkísà ní láti gbé sókè. Ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn á gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ dáadáa, àmọ́ lórí téèpù, akọrin á máa pariwo mọ́ yín létí, gìtá á sì sá sẹ́yìn. Àtẹ́wọ́ náà á dún bí ẹni pé yàrá kejì ni wọ́n ti ń pa á.

Ọdún 1974 fi èyí hàn kedere ju ọdún mìíràn lọ. Ọdún yẹn ni wọ́n lo Wall of Sound, ògiri sípíkà tó tó bí ẹgbẹ̀ta tí wọ́n tò sẹ́yìn àwọn olórin. Nítorí pé sípíkà náà kọjú sí maikirofóònù wọn, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ máa hu. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni pé akọrin kọ̀ọ̀kan ń lo maikirofóònù méjì tí wọ́n so kí ọ̀kan máa pa ohùn èkejì rẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni akọrin ń kọrin sí, nítorí náà ohun tó bá wọ méjèèjì pọ̀ láti ẹ̀yìn á pòórá, ohùn rẹ̀ nìkan á kù. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ ohùn ẹnu tó bá gba ibẹ̀ kọjá máa ń tín-ín-rín. Nínú téèpù ọdún 1974 tó dára, bẹ́ẹ̀sì àti gìtá mọ́ gaara, akọrin sì dún bí ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀fun.

Ẹni tó borí ìṣòro ìdí míkísà ni Betty Cantor-Jackson, agbohùnsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Betty kì í gba ohun tí wọ́n ti pò fún sípíkà gbọ̀ngàn. Ó máa ń ya wáyà láti orí ìtàgé wá sí míkísà tirẹ̀, á wá po ohùn náà fún téèpù nìkan, bí ẹni tó jókòó sílé ṣe máa fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ Nagra tí wọ́n ṣe ní Switzerland ló ń lò. Téèpù rẹ̀ ń sá ní ínǹṣì méje àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti kásẹ́ẹ̀tì kò tó ínǹṣì méjì. Bí téèpù bá ṣe ń yára tó, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí ohùn tín-ín-rín máa rí dúró sí ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí awo dúrùmù fi ń dún bí awo nínú téèpù Betty, tí kì í dún bí ìyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sórí páànù.

Èyí tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ti ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1977, ní Barton Hall ní Cornell University, ní Ithaca. Ẹ lọ sí ibi tí abala kejì ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Scarlet Begonias ti wọ inú Fire on the Mountain. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ fi etí sí ìgbà tí orin kìíní ń tú, tí èkejì kò tíì dé. Bill Kreutzmann àti Mickey Hart jọ ń lùlù, àmọ́ ẹ lè fi etí ya ọwọ́ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Bẹ́ẹ̀sì Lesh ló kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ ó sì gbọ́ ọ bó ṣe ń fà wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú téèpù tí kò dára, ìkòríta yẹn kàn jẹ́ àdàpọ̀ ariwo ni. Nínú ti Betty, ẹ ó rí ìpinnu olúkúlùkù wọn.

Téèpù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Betty kó èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sí ilé ìkẹ́rù, nígbà tí kò sì rí owó ibẹ̀ san mọ́, wọ́n lu wọ́n ní gbàǹjo ní ọdún 1986. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò bá ẹgbẹ́ náà tan. Láti ibẹ̀ ni àdàkọ ti tàn káàkiri, tí àwọn olólùfẹ́ sì ń pè wọ́n ní Betty Boards. Ní ọdún 2012, Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ti fi ti Cornell kún àwọn ìgbohùnsílẹ̀ tó yẹ kí orílẹ̀-èdè náà tọ́jú títí láé. Ní ọdún 2017 ni ẹgbẹ́ náà wá gbé e jáde fúnra wọn, láti ara ìyá téèpù.

Láàárín èrò

Ẹni tó bá rò pé téèpù òǹwòran kì í dára, kó wá ti Hollywood Palladium, ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1971. Maikirofóònù láàárín èrò ló gbà á, síbẹ̀ ó lé ọ̀pọ̀ téèpù ìdí míkísà ọdún náà sẹ́yìn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ìdí míkísà kò lè fúnni ni ìbú. Gìtá Garcia ń bọ̀ láti ibì kan, ti Bob Weir láti ibòmíràn, gbọ̀ngàn náà sì yí wọn ká. Nígbà tí èrò bá hó, ariwo wọn wà lára orin, nítorí àwọn olórin ń gbọ́ wọn, wọ́n sì ń dá wọn lóhùn.

Ibi tó dára jù láti dúró ni iwájú míkísà, níbi tí ohùn sípíkà ti ń dé tààrà kí ògiri tó dá a padà. Bí èèyàn bá ṣe ń sún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ìró tó lu ògiri ń pọ̀ sí i, títí ohùn á fi dà bí èyí tó ń ti inú ìkòkò wá. Ẹ̀yìn míkísà sì ni wọ́n ya sọ́tọ̀ ní ọdún 1984. Àwọn kan ń yọ́ lọ síwájú síbẹ̀, téèpù wọn sì sábà máa ń dára ju ti àwọn tó wà lẹ́yìn.

Kásẹ́ẹ̀tì ní ìyà tirẹ̀. Oníṣẹ́jú àádọ́rùn-ún ń gba ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta lójú kan. Abala kejì òde Grateful Dead sì máa ń lé ní wákàtí kan láìdúró. Agbohùnsílẹ̀ tó mọṣẹ́ á máa wo aago, á yí i nígbà tí orin bá rọlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọṣẹ́ á yí i láàárín gbùngbùn gìtá. Nígbà tí ẹ̀rọ téèpù dijítà DAT dé ní òpin àwọn ọdún 1980, ìyà yìí dópin, ariwo ṣíìì tó máa ń wà lábẹ́ kásẹ́ẹ̀tì sì lọ.

Rédíò, àdàlù àti téèpù olójú púpọ̀

Òde tí rédíò bá gbé sáfẹ́fẹ́ ní àǹfààní pé ẹni tó mọṣẹ́ ló po ohùn rẹ̀ fún etí ẹni tó wà nílé. Ti 31 oṣù Kejìlá ọdún 1978, tí wọ́n fi ti gbọ̀ngàn Winterland pa ní San Francisco, jáde lórí rédíò KSAN àti tẹlifíṣọ̀n KQED. Àléébù rẹ̀ ni pé rédíò máa ń tẹ ohùn rírọlẹ̀ àti ohùn líle sún mọ́ ara wọn.

Àdàlù ni kí wọ́n po téèpù ìdí míkísà mọ́ ti òǹwòran, kí ọ̀kan fúnni ní ìmọ́lẹ̀, kí èkejì fúnni ní gbọ̀ngàn. Dan Healy, tó ń darí ohùn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe irú rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1980, àwọn olólùfẹ́ sì ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà báyìí. Ó le ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Ẹ̀rọ méjì kì í sá bákan náà. Bí ọ̀kan bá fi bíńtín ṣáájú èkejì, ìlù á máa dún lẹ́ẹ̀mejì. Àdàlù tó dára kò wọ́pọ̀, àmọ́ èyí tó bá dára máa ń tẹ́ni lọ́rùn gan-an.

Téèpù olójú púpọ̀ ló ga jù, nítorí ohun èlò kọ̀ọ̀kan wà lójú tirẹ̀, wọ́n sì lè pò ó lẹ́yìn náà ní ìrọ̀rùn. Lójú mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi gba òde méjìlélógún tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù ní ọdún 1972, gbogbo rẹ̀ ló sì jáde ní ọdún 2011.

Ìyá téèpù àti ọmọ-ọmọ rẹ̀

Gbogbo ohun tí mo ti sọ lè di asán bí àdàkọ tó dé ọwọ́ yín bá jẹ́ ìran kẹfà. Nígbàkigbà tí wọ́n bá da kásẹ́ẹ̀tì kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, ariwo ṣíìì á pọ̀ sí i, ohùn òkè á sì dín kù. Nígbà tó bá dé ìran kẹfà, téèpù Betty pàápàá á dún bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Téèpù òǹwòran tó jẹ́ ìran kìíní máa ń dára jù ú lọ fíìfíì.

Nítorí náà ni àwọn olùpààrọ̀ téèpù ṣe máa ń kọ ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ lè rí ìlà báyìí: Nagra > DAT > CD > FLAC. Ohun tó ń sọ ni pé láti ìyá téèpù ni wọ́n ti gbé e lọ sórí DAT, kò sì kan kásẹ́ẹ̀tì rárá. Bí ẹ bá rí «kásẹ́ẹ̀tì > kásẹ́ẹ̀tì > kásẹ́ẹ̀tì», ẹ wá òmíràn. Bí kò bá sí ìtàn kankan, ẹ ṣọ́ra. Fáìlì FLAC kì í gé ohùn kúrò, MP3 ń gé e. Bí ẹnì kan bá ti sọ ọ́ di MP3 kékeré rí kó tó dá a padà sí FLAC, ohun tó ti lọ kò lè padà wá mọ́. Àwòrán ohùn náà lórí kọ̀ǹpútà á fi hàn yín, torí òkè rẹ̀ máa ń gé gbọnrangandan bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

Ẹ wo eré téèpù náà pẹ̀lú. Bátìrì tó ti rẹ̀ nígbà gbígbà máa ń mú kí téèpù sáré nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ, ohùn Garcia á sì tín-ín-rín bí ti ọmọdé. Kọ̀ǹpútà lè tún èyí ṣe, ìtàn téèpù tó dára sì máa ń sọ bóyá wọ́n ti tún un ṣe.

Ìlù ni kí ẹ fi dán an wò

Láti ọdún 1978, Hart àti Kreutzmann ń dá lùlù fún ìgbà pípẹ́ nínú abala kejì òde. Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ nínú téèpù tí mi ò mọ̀. Gìtá lè tanni jẹ, awọ ìlù kì í tanni. Nínú téèpù tó dára, ẹ ó gbọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe lu awọ, ẹ ó gbọ́ ohùn tó jáde tẹ̀ lé e, ẹ ó sì gbọ́ ibi tí ohùn náà parí sí. Nínú èyí tí kò dára, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di gbì kan ṣoṣo.

Etí Yorùbá ní àǹfààní níbí, ìlù wọ̀nyí kò sì ṣàjèjì sí wa. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Ajido nítòsí Àgbádárìgì, kó àwọn onílù rẹ̀ wá síwájú Grateful Dead ní Oakland lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1985, Hart sì ṣe olóòtú àwo fún un lẹ́yìn náà. Nínú Planet Drum, àwo tí Hart gbé jáde ní ọdún 1991, tó gba Grammy àkọ́kọ́ fún àwo orin àgbáyé, Síkírù Adépọ̀jù ọmọ Èrúwà ló ń fi gángan sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ àwo yẹn kí etí yín lè rántí bí awọ ṣe ń dún nígbà tí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dá téèpù òde lẹ́jọ́.

Ìdájọ́

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo máa yàn nìyí. Láti ọdún 1970, Fillmore East tí Bear gbà. Láti 1971, téèpù òǹwòran ti Hollywood Palladium. Láti 1972, èyíkéyìí nínú òde Yúróòpù, àti ti Veneta ní Oregon, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ. Láti 1977, Cornell àti èyí tó tẹ̀ lé e ní Buffalo lọ́jọ́ kejì. Wọn kò pariwo Buffalo tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò rẹlẹ̀ rárá. Láti 1990, ti Nassau Coliseum ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, níbi tí Branford Marsalis ti bá wọn fọn sakisofóònù.

Òkìkí òde kò ní kí ẹ retí ohùn tó dára. Òde tí wọ́n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírámíìdì ní Gísà, ní Íjíbítì, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978, kò lẹ́gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn, àmọ́ dùùrù ibẹ̀ kò bá ohùn yòókù mu. Kò sí agbohùnsílẹ̀ tó lè wo ìyẹn sàn.

Internet Archive ni ibi tó rọrùn jù láti wá wọn. Láti òpin ọdún 2005, ẹ lè gba ti òǹwòran sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ sì lè gbọ́ ti ìdí míkísà níbẹ̀ láìgbà á. Èyí tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde fúnra wọn, bíi Dick's Picks tí Dick Latvala, olùtọ́jú téèpù wọn, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993 àti Dave's Picks tó wà títí di òní, ń ti ara ìyá téèpù wá. Ẹni tó bá lówó kó rà wọ́n.

Ẹ gbọ́ Cornell ti Betty, kí ẹ sì gbọ́ Hollywood Palladium lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan ti ìdí míkísà, èkejì ti àárín èrò, méjèèjì dára dé góńgó. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ló gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó sì gbà á lọ́wọ́ wọn kò bà á jẹ́. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yan téèpù, ẹ wá orúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀ kí ẹ tó wo ibi tó ti gbà á. Bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá gbogbo òde tó lọ lọ́dún náà. Ọ̀nà yẹn ló yá jù láti rí téèpù tó dára, kò sì wọ́pọ̀ kó jáni kulẹ̀.